Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Trademark Center tuntun yìí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi ń ta èlùbọ́, òun ń rà á n'Ìbàdàn, èmi ń tà á ní Houston, inú ọ̀rá tá a tẹ orúkọ wa sí la ń dì í sí, ọjà sì ti ń yá débi pé ẹ̀rù ń bà mí kí ẹlòmíì má lọ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ṣáájú wa.

Ẹ̀ẹ́ ti gbọ́ pé USPTO, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń forúkọ ọjà sílẹ̀, ti pa TEAS, ìkànnì tí wọ́n fi ń gba fọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀, tì fún fọ́ọ̀mù tuntun láti January 2025, Trademark Center tó rọ́pò rẹ̀ ló kù. Èyí tó jẹ́ $250 tẹ́lẹ̀ ò sí mọ́, $350 ni báyìí fún kíláàsì kan, ìyẹn ìsọ̀rí ọjà kan. Tó o bá mú àpèjúwe ọjà ẹ látinú ID Manual wọn, ìyẹn àkójọ àpèjúwe tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ó parí, àmọ́ tó o bá fọwọ́ ara ẹ kọ ọ́ sínú àpótí tó wà nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á fi $200 lé e. Ibẹ̀ gan-an ló ká mi lára. Ṣé kí n mú èyí tó sún mọ́ èlùbọ́ jù, àbí kí n sanwó kí n kọ ọ́ bó ṣe rí? Torí tó o bá ti fi í ránṣẹ́ tán, o lè dín in kù o, o ò lè fẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àti pé láti 2019, ẹni tí ò gbé Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba lọ́yà ibẹ̀. Ṣé kí n fi orúkọ èmi nìkan sí i, ká wá kọ àdéhùn láàárín ara wa, àbí ká kúkú gba lọ́yà? Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo yọ àbúrò mi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.