Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, mo fẹ́ fi Windows sílẹ̀ bọ́ sí Linux

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Kọ̀ǹpútà kan wà nílé wa ní Mọ́kọ́lá níbí, ó ti pẹ́ díẹ̀, RAM ẹ̀ ò ju 4GB lọ, Windows 10 tí àtìlẹ́yìn ẹ̀ parí ní October 2025 ló ṣì wà lórí ẹ̀. Mo ní kí n gbé e sí Windows 11, ó lóun ò gbà, kò ní TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà. Owó kọ̀ǹpútà tuntun dà?

Bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dùgbẹ̀ ló ní kí n lọ fi Linux Mint sí i, irú Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, pé ọ̀fẹ́ ni, mo wá kọ́kọ́ dán an wò látorí flash láì tíì fi sínú ẹ̀, háà, ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Wi-Fi náà ṣiṣẹ́, àfi printer tó kàn ń wò mí.

Ìyàwó mi ni ìṣòro. Excel ló fi ń kọ gbogbo gbèsè àwọn oníbàárà ẹ̀ ní Gbági, ṣé LibreOffice tí wọ́n ń lò dípò Excel lórí Linux ò ní da ìṣirò yẹn rú báyìí? Tó bá dàrú, èmi ni màá san án o. Ṣé kí n fi méjèèjì síbẹ̀ pọ̀ ni, àbí kí n nu Windows kúrò pátápátá? Tí iná bá lọ láàárín ìgbà tí Linux ń wọlé sórí ẹ̀ ńkọ́, torí bátìrì ẹ̀ ti kú?