Ewé Irúgbìn Inú Ilé: Ohun Tí Ojú Mi Ti Rí ní Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ìlọrin ni èmi ń gbé, inú ilé ni mo sì ti máa ń fún irúgbìn tòmátì, ata rodo àti tàtàṣé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, nítorí pé adìyẹ àti ewúrẹ́ àdúgbò kì í jẹ́ kí ohun tí a bá fún síta gbérí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè ohun tí ó ń mú kí ewé irúgbìn inú ilé máa pọ́n, kí ó máa rọ tàbí kí ó máa ká. Ohun tí mo fẹ́ sọ sí i ni pé kí ẹnikẹ́ni tó gbé oògùn tàbí ajílẹ̀ dání, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí àìsàn ewé náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì yí ẹ̀yìn ewé sókè.

Ẹ má ka ewé méjì àkọ́kọ́ tí ó ń bá kóró jáde mọ́ ọn. Ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń já bọ́ fúnra rẹ̀ tí ewé gidi bá ti pọ̀. Àmọ́ bí ewé gidi tí ó wà nísàlẹ̀ bá ń pọ́n, tí gbogbo ara rẹ̀ ń di àwọ̀ ìyeyè nígbà tí tòkè ṣì tutù yọ̀yọ̀, àìtó náítírójìn ni ó sábà máa ń jẹ́, torí pé irúgbìn lè fa oúnjẹ yìí kúrò lára ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun. Èròjà irin kò ṣeé gbé kiri bẹ́ẹ̀. Ewé ọ̀dọ́ tí ó wà lórí ténté ni àìtó tirẹ̀ ti ń hàn: iṣan ewé kò ní yí àwọ̀ padà, àárín àwọn iṣan náà ni yóò pọ́n.

Ní ìgbà ọ̀yẹ́ kan, Àlájà àdúgbò wa tí ó ń ta ata ní ọjà Ìpátá ránṣẹ́ pè mí pé ata rodo tí àwọn fún sínú ike lẹ́bàá fèrèsé ti ń kú. Ewé rẹ̀ ti rọ, ó sì ń pọ́n láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ń bomi rin ín láàárọ̀, mo ń bomi rin ín lálẹ́, ọ̀yẹ́ yìí ni kò gbà." Mo gbé ike kan sókè, ó wúwo. Mo da ohun inú rẹ̀ sọ́wọ́: iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ ti di ẹrẹ̀, ó ń rùn, gbòǹgbò tí ó yẹ kí ó funfun ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó sì ń bó bí mo ṣe fọwọ́ kàn án. Kò sí ihò kankan nídìí ike náà. Mo ní, "Àlájà, ẹ jẹ́ ká dá omi dúró ná." Gbòǹgbò tí omi bá bò mọ́lẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́, kò sì ní lè fa omi náà sókè, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ nígbà tí omi kún ìdí rẹ̀. A fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí àwọn ike, a po yanrìn mọ́ iyẹ̀pẹ̀, a sì tún èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì dára gbìn. Díẹ̀ nínú wọn yè.

Ọ̀yẹ́ náà kò kúkú wẹ̀ mọ́ pátápátá. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà tí ó bá aláǹtakùn tan, ẹ̀yìn ewé ni ó ń gbé. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ mú kí ó máa yára bí sí i, òjò tí ì bá fọ̀ ọ́ dànù kò sì lè wọ inú yàrá. Àmì funfun wínníwínní ni yóò kọ́kọ́ hàn lójú ewé. Ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbọn ewé náà. Bí ẹ bá rí èérún tí kò tó hóró iyọ̀ tí ó ń rìn, òun nìyẹn. Omi tí a fi ọṣẹ díẹ̀ sí ni mo fi ń fọ ẹ̀yìn ewé nírọ̀lẹ́, mo sì máa ń tún un ṣe, torí ẹyin rẹ̀ kì í bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yìn ewé tòmátì tí ó di elésè àlùkò lásìkò òtútù òru kò túmọ̀ sí pé kí a sáré ra ajílẹ̀. Àìrí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ irúgbìn mìíràn, fà ni ó ń fa àwọ̀ náà, gbòǹgbò kì í sì í lè fà á dáadáa nínú iyẹ̀pẹ̀ tí ó tutù, nítorí náà ẹ gbé ike kúrò lórí sìmẹ́ǹtì ná. Ewé tí ó ká nítorí ooru a máa ṣí padà nírọ̀lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í yí padà. Èyí tí ewé tuntun rẹ̀ bá kéré, tí ó ká sókè, tí etí rẹ̀ ń pọ́n, tí kòkòrò funfun sì ń fò nígbà tí a fọwọ́ kàn án, ẹ fà á tu ni. Àrùn tí kòkòrò náà ń gbé kiri kò ní oògùn.

Ti oòrùn ni ó rọrùn jù lọ láti mọ̀. Bí a bá gbé irúgbìn inú yàrá bọ́ sínú oòrùn oṣù kẹta lójijì, ọ̀sán kan ṣoṣo tó kí ojú ewé òkè di funfun, kí ó sì gbẹ bíi bébà. Abẹ́ òjìji ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn àárọ̀ sì máa pọ̀ sí i fún un díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí ó ti bó kò ní padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n bí ewé tuntun tí ó ń yọ láàárín bá tutù yọ̀yọ̀, ẹ má ṣe fà á tu.