Tábìlì MEMORY mi ní òun ti kún, bẹ́ẹ̀ RAM ṣì kù rẹpẹtẹ

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní tábìlì MEMORY kan (irú tó ń kó gbogbo ohun inú rẹ̀ sínú RAM) nínú MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, tí mo fi ń tọ́jú àwọn tó bá wọlé: token wọn (àmì ìdánimọ̀ oníkálukú), ojú ewé tí oníkálukú wà, àti àkókò. Bí ìlà bá ti ń sún mọ́ 8,000, "The table is full" ló máa ń sọ. RAM sáfà náà jẹ́ 16 GB, kò sì tíì lò tó ìdajì. Mo sọ max_heap_table_size, ààlà ìwọ̀n tábìlì MEMORY, di 256 MB, pàbó ló já sí. Mo pa àwọn ìlà àtijọ́ rẹ́, mẹ́mọ́rì tí MySQL gbà ò dín. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ayékòótọ́: Tí VARCHAR(255), àyè ọ̀rọ̀ tó lè gba tó lẹ́tà 255, bá wà níbẹ̀, mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Olùbéèrè: Méjì ni, sà. utf8mb4 sì ni a fi ń tọ́jú lẹ́tà inú wọn.

Ayékòótọ́: Ẹ ò rí i! Nínú InnoDB, irú tábìlì tí MySQL ń lò bí ẹ ò bá yan òmíràn, ìwọ̀n ohun tí ẹ bá kọ ni VARCHAR ń gbà. MEMORY kò mọ ìyẹn, gígùn kan náà ni gbogbo ìlà rẹ̀. Lẹ́tà kan nínú utf8mb4 lè gba báìtì 4, torí náà 255 di 1,020. Ti méjèèjì papọ̀ ti lé ní 2,000 lórí ìlà kan, bí ẹ ò tilẹ̀ kọ nǹkan kan sí i. 16 MB ni ààlà tó bá MySQL wá. Ẹ fi 2,000 pín in, ẹ ó bá 8,000 yín níbẹ̀. Báwo ni token yín ṣe gùn tó gan-an?

Olùbéèrè: 32 péré, nọ́ńbà àti a sí f.

Ayékòótọ́: CHAR(32) CHARACTER SET ascii, ó parí: báìtì kan ni lẹ́tà kan nínú ascii. Tó bá jẹ́ utf8mb4 ni, 128 ni CHAR(32) yẹn máa jẹ. Ẹ wo ojú ewé tó gùn jù, kí ẹ dín ìyẹn náà kù.

Ọ̀kín: Ti 256 MB yẹn: tábìlì tó ti wà tẹ́lẹ̀ kì í gbọ́ ààlà tuntun, àfi tí ẹ bá tún un dá, tàbí kí ẹ ṣe ALTER TABLE (àṣẹ àtúntò tábìlì) tàbí TRUNCATE (tó ń pa gbogbo ìlà inú rẹ̀ rẹ́). Tó bá sì jẹ́ SET GLOBAL, àṣẹ tó ń yí ètò sáfà lápapọ̀, lẹ lò, ẹ jáde kí ẹ tún wọlé kẹ́ ẹ tó ṣe é, torí ìsopọ̀ tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ ṣì di ti àtijọ́ mú. Àwọn ìlà tí ẹ pa rẹ́ kò ṣòfò o. Ó ń tọ́jú àyè wọn de ìlà tuntun nínú tábìlì yẹn kan náà ni. ALTER TABLE … ENGINE=MEMORY ló máa gbà á padà. Ẹ ṣe é nígbà tí èrò bá ti dá.

Àgbẹ̀dẹ: Ṣé dandan ni MEMORY ni? Tí sáfà bá kú tó tún jí, òfìfo lẹ máa bá. Ẹni kan ṣoṣo tó bá ń kọ nǹkan sí i, ó ti ti gbogbo tábìlì pa mọ́ àwọn yòókù. Èmi ò lè lò ó fún ohun tí èèyàn ń kọ sí lemọ́lemọ́.

Olùbéèrè: Kó di òfìfo ò dùn mí, wọ́n á kàn tún wọlé ni. Mo ti dín in: CHAR(32), VARCHAR(80), ascii méjèèjì. Ìlà 50,000 wà níbẹ̀ báyìí, kò tíì tó 10 MB. Mo dín ààlà kù sí 64 MB. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ títì pa yẹn wọ̀ mí létí, màá fi InnoDB dán an wò lálẹ́ òní.