Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá jíìnì ilé ẹyin eku ṣiṣẹ́, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ṣakí:
Ẹ ń lẹ́ o, ẹ̀yin ará láàbù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ní láàbù kan l'Amẹ́ríkà, èkúté tí wọ́n ti yọ jíìnì Foxo3 kúrò lára wọn ni mò ń tọ́jú. Jíìnì yìí ló ń mú kí àwọn fọ́líkù kéékèèké tó gbé ẹyin dání máa sùn, kó lè jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa jí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Castrillon, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní 2003 pé bí kò bá sí i, gbogbo wọn á jí pọ̀, wọ́n á sì tètè tán.

Ẹni tó kàn ń wo èkúté yẹn nínú kéèjì ò ní fura. Ara rẹ̀ le, irun rẹ̀ ń dán, ó ń lóyún. Ìwé àkọsílẹ̀ ìbímọ ló tú àṣírí rẹ̀ fún wa: ó bímọ dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ dín kù nígbà tó tẹ̀ lé e, ó sì tán síbẹ̀. Àwọn akọ ò ní wàhálà kankan. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ilé ẹyin ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tóbi ju tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ! Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ìyẹn ló máa bímọ jù.

Baba Títí:
Èkúté tí kò ní jíìnì Gdf9 ni tèmi. Fọ́líkù tiẹ̀ ń jí, àmọ́ kò lè tẹ̀ síwájú. Lórí síláìdì, ẹ ó rí i tí ẹyin ń tóbi láàárín, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká sì dúró sórí ìlà kan ṣoṣo. Láti 1996 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní Houston, l'Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ẹyin gan-an ló ń ṣe Gdf9 ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Ẹyin ń pàṣẹ, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń bọ́ ọ.

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú iṣẹ́. Nàìjíríà la wà ní tiwa. A ò ní èkúté tí wọ́n yọ jíìnì lára rẹ̀. Eku Wistar, irú eku láàbù kan, pẹ̀lú hematoxylin àti eosin, aró tá a fi ń kun ẹran ara ká lè rí i, la fi ń jẹun. Ilé ẹyin ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ sínú pàráfíìnì, ìyẹn ìda tá a fi ń gbé e dúró ká tó gé e, láìkọ́kọ́ fi eosin díẹ̀ kùn ún, ẹ máa wá a tì.

Lọ́jọ́ ìbí, ẹ ó rí àwọn ẹyin tí wọ́n fún mọ́ra wọn, ìhòòhò ni wọ́n wà, láìsí fọ́líkù. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹrin, ọ̀pọ̀ ti tú ká, olúkúlùkù ti ní fọ́líkù tiẹ̀. Inú oyún lọmọ èèyàn ti ń ṣe ìyẹn, ta ló fẹ́ rí i níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí eku fi wúlò. Èkúté tí kò bá ní jíìnì Figla kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀: kò ní ní fọ́líkù rárá, ẹyin á kú dànù.

Adùkẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ará láàbù. Nǹkan oṣù mi dúró kí n tó pé ogójì. Dókítà dárúkọ jíìnì kan, NOBOX. Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti eku?

Ọmọ Ṣakí:
Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọ̀kan náà ni. Èkúté tí kò ní in, ẹyin rẹ̀ á tètè run lẹ́yìn ìbí, wọ́n sì ti rí àṣìṣe nínú NOBOX lára àwọn obìnrin kan tí nǹkan oṣù wọn tètè dúró. Àmọ́ ẹ má gbé ti eku lé èèyàn lórí tán o. Ẹ wo jíìnì BMP15: abo èkúté tí kò ní in ṣì ń bímọ, abo àgùntàn tí ẹ̀dà jíìnì náà méjèèjì bàjẹ́ lára rẹ̀ sì yàgàn pátápátá. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ìdílé, torí náà tẹ́ ẹ bá ní àbúrò obìnrin, ẹ mú un dání nígbà tẹ́ ẹ bá padà lọ rí dókítà.