Ọmọ wa ní kí a wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé inú ọkọ̀ onílé ní Georgia: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Tíṣà Àgbà, Kàbà:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Atlanta fẹ́ kí a wá kí òun ní oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n dípò kí a jókòó sílé rẹ̀ kí a máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ọjọ́ ìpadàbọ̀ yóò fi pé, òun àti ọkọ rẹ̀ ti pinnu láti háyà ọkọ̀ ńlá kan tí bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí a máa fi lọ láti ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, kí a sì máa pàgọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Bàbá wò ó, ó ní òun ti sùn nínú mọ́tò rí, lọ́jọ́ tí táyà fọ́ lọ́nà Lọ́kọ́ja, òun kò sì mọ̀ pé àwọn kan ń sanwó kí wọ́n tó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀. Orúnkún ń dùn mí, bàbá sì máa ń dìde tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta lóru. Níbo ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ènìyàn mẹ́fà, àwa àgbà mẹ́rin àti ọmọ méjì, ń gbà lọ nínú ọkọ̀ tí kò ní sọ́kàwéè? Ta ló sì ń ṣọ́ ènìyàn nínú igbó wọn? Níhìn-ín, ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ sùn sínú igbó lásìkò tí a wà yìí, ẹbí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pe pásítọ̀ ni. Ẹni tó ti ṣe é rí ni kó jọ̀wọ́ dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó wò ó lórí fóònù.

Ọmọ Ìyàgbà ní Georgia:

Ẹ kú ilé o, Màmá. Ìsánlú ni ilé bàbá mi, ṣùgbọ́n Georgia ni mo ń gbé, ó sì ti di ọdún mẹ́fà tí èmi àti ìyàwó mi ti ń kó àwọn ọmọ lọ sí àwọn ọgbà wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ igbó kúrò lọ́kàn yín. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọgbà náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ máa ń yí ká, wọ́n sì sábà máa ń fi ẹnì kan tàbí tọkọtaya kan tó ti fẹ̀yìn tì bíi tiyín síbẹ̀, tí wọn yóò máa gbé inú ọkọ̀ onílé tiwọn láti máa ran àlejò lọ́wọ́. Ojúlé ojúlé ni wọ́n pín ilẹ̀ náà sí, pẹ̀lú nọ́ńbà lára òpó. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan ẹ ó bá ilẹ̀ títẹ́jú tí ọkọ̀ yóò dúró sí, tábìlì, òrùka irin tí a ń dáná sí, ẹ̀rọ omi àti àpótí iná. Ó jọ abà tí àwọn bàbá wa máa ń sùn sí lásìkò iṣẹ́ oko, àfi pé ahéré yín ni ẹ ó máa wà kiri.

Bí ẹ bá lè dé ọgbà Vogel, ní àríwá ìpínlẹ̀ náà, ẹ lọ. Ó ti wà láti 1931, ẹsẹ̀ òkè Blood Mountain ló sì wà, pẹ̀lú adágún omi kan. Bí ìkùukùu bá bo òkè náà láàárọ̀, ẹ ó rò pé Kàbà ni ẹ jí sí. Béárì wà nínú àwọn òkè yẹn, nítorí náà a kì í fi oúnjẹ tàbí àwo tí a kò fọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ìta mọ́jú. Ẹ ní kí ọmọ yín gba ojúlé kó tó gba ọkọ̀. Ní Georgia, a lè gba àyè láti oṣù 13 ṣáájú, àwọn tó mọ ibi tó dára kì í sì í fi falẹ̀, pàápàá fún oṣù kẹrin tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń wà ní ìsinmi. Òru 14 ni àlejò lè lò mọ lójú kan.

Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹ bèèrè, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Táǹkì mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ń gbé: ti omi mímọ́, ti omi ìfọwọ́ àti ìwẹ̀, àti ti ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ìrìnàjò wa kìíní, mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n. Ojúlé wa ní ihò ìdọ̀tí tirẹ̀, mo so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, mo sì ṣí fáàfù táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Èyí tó jẹ́ omi ṣàn lọ, èyí tó le sì jókòó sí ìsàlẹ̀ táǹkì, ó gbẹ bí amọ̀. Odindi wákàtí méjì ni mo fi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tí ìyàwó mi ń da omi láti òkè, tí àwọn aládùúgbò ń juwọ́ sí mi láti òkèèrè láìsí ẹni tó sún mọ́ tòsí. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n ti fáàfù náà pa, kí n máa da omi tó pọ̀ sí i nígbàkigbà tí ènìyàn bá lò ó, kí n sì dúró títí táǹkì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìgbà yẹn ni a ó tú ti ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́kọ́, kí a tó tú ti omi ìwẹ̀ tẹ̀lé e, kí omi ọṣẹ lè fọ họ́ọ̀sì náà. Bí ojúlé kò bá ní ihò, ibi ìdàdọ̀tí kan máa ń wà nínú ọgbà tí a ń gbà kọjá kí a tó jáde. Họ́ọ̀sì omi mímu gbọ́dọ̀ dá wà. A kì í tilẹ̀ kó o sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ti ìdọ̀tí.

Ti iná kò gba ariwo púpọ̀. Bí àpótí iná ojúlé bá jẹ́ ti ampere 30 ní volt 120, watt 3,600 péré ni gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ lè lò pọ̀. Bí èyà kọ̀ndíṣọ̀nnà bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹnì kan sì tan kẹ́tùlù àti máíkíròwéèfù pọ̀, iná yóò já. Ẹ fi ẹnì kan ṣe alákòóso rẹ̀.

Ìyá Ìyàrà:

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ti lọ, lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin. Ẹ má fi orúnkún yín ṣeré. Nínú irú ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì lókè orí awakọ̀, àkàbà ni wọ́n ń gùn dé ibẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí ẹ̀yin àti bàbá gba yàrá ẹ̀yìn, èyí tó sábà máa ń sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni bàbá yóò rìn lóru, kò ní fojú kan ìta. Fún ìwẹ̀, ẹ lọ sí balùwẹ̀ ọgbà, nítorí táǹkì omi gbígbóná inú ọkọ̀ tí a lò kò ju gálọ́ọ̀nù 6 lọ, ẹni kejì ni omi tútù máa ń bá.

Ẹ má kó igi ìdáná láti ìlú kan lọ sí òmíràn, bó ti wù kó dára tó. Ọmọ mi ní kòkòrò kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Michigan ní 2002 ti pa igi rẹpẹtẹ ní ilẹ̀ wọn, inú igi ìdáná ló sì ń fara pa mọ́ rìn. Èmi tí mo ti ṣẹ́ igi gbígbẹ jọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ńṣe ni mo fi í sílẹ̀. Ariwo gbọ́dọ̀ dákẹ́ láti aago 10 alẹ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyán kó tètè gún un. Ìta ni kí ẹ ti máa fi epo dín nǹkan pẹ̀lú: mo gbé epo kaná nínú ọkọ̀, aago èéfín sì kígbe débi pé ọmọ ojúlé kejì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn:

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ béèrè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi kan ní òun lè fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Ṣé yóò wúlò nílé?

Oníṣẹ́ Iná, Kàbà:

Volt 120 ni wọ́n ṣe é fún, 230 ni tiwa. Ẹni tó bá so ó mọ́ iná wa láìní tiransífọ́mà tó ń dín iná kù, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò jóná. Tiransífọ́mà ṣeé rà, ṣùgbọ́n kò ní bá yín wá ibi tí ẹ ó da táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ sí láàárín Kàbà àti Ìsánlú, àfi kí ẹ máa pe ọkọ̀ tó ń fa sọ́kàwéè tẹ̀lé yín lẹ́yìn. Ọ̀gá, ọgbà ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ náà ṣeé gbé. Àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè tiwa, bíi Kainji, ilé àlejò ni wọ́n kọ́ sí ibẹ̀. Ẹ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àbúrò yín.

Tíṣà Àgbà, Kàbà:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọmọ wa ti gba òru mẹ́rin ní Vogel, ó ní nínú ọ̀sẹ̀ ni, torí pé òpin ọ̀sẹ̀ ti kún. Mo ka gbogbo ìdáhùn yín sí bàbá létí. Ó fetí sílẹ̀ títí dé ibi ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó wá béèrè ta ni yóò máa tú táǹkì náà. Mo ní ọkọ ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní kí n sọ fún wọn pé a ń bọ̀.