Ẹ̀bẹ̀ tẹkúntẹkún: ṣé dandan ni kí omi jáde lójú?

Ẹ̀yin àgbà inú èdè, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ. Nínú eré tí mò ń kọ, obìnrin kan kúnlẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń bẹ onílé pé kó má kó ẹrù òun síta. "Ó ń bẹ̀ ẹ́ kíkankíkan" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan, iná ń jó kíkankíkan: agbára nìyẹn, kò sọ pé ọ̀nà ti há mọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ó ń bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún" ló wọ̀ mí lára jù. "Ti" àti "ẹkún" ló di tẹkún, tí a wá pè é lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbólóhùn, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí ẹni tí à ń bẹ̀ ni tẹkúntẹkún ń dúró sí, bí a bá gbé e síwájú, "fi" á wọlé: "Tẹkúntẹkún ló fi ń bẹ̀ ẹ́." (Ẹ má gbàgbé àmì o, ẹkún kọ́ ni ẹkùn inú igbó.)

Ohun tó rú mi lójú nìyí: bí ojú obìnrin náà bá gbẹ, tó jẹ́ ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, ṣé tẹkúntẹkún ṣì tọ̀nà? Mo rò pé ó tọ̀nà, torí tomijétomijé wà fún ẹni tí omi ń dà lójú rẹ̀. Kí ni wọ́n ń sọ ládùúgbò tiyín?