Nọ́ńbà wo lẹ fi ń darí òwò yín? Ẹ sọ ìrírí yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù àjọ n'Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, nọ́ńbà ló máa ń kún iwájú wa: iye ẹni tó gba áàpù sórí fóònù, iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀, iye ẹni tó rí ìpolówó wa lórí Facebook. Èyí tó bá ròkè la máa ń pàtẹ́wọ́ fún, a ó sì dákẹ́ lórí ìyókù. Ọ̀gá ní ká mú ẹyọ kan ṣoṣo. Ìjà dé!

Ìyá alájọ kan tó ń ṣe ejẹ́ǹtì fún wa ní Bódìjà ló tú u. Orí màmá yẹn pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Wọ́n na káàdì kan sí wa: àpótí 31, àmì bírò búlúù nínú èyí tí wọ́n ti san. Owó ọjọ́ kìíní ni owó iṣẹ́ tiwọn, ìyókù di ti oníbàárà. Wọ́n ní, "Ẹni tó gba káàdì kọ́ ni mò ń kà o. Ẹni tó kó àjọ rẹ̀ tán, tó ní kí n fún òun ní káàdì míì, òun ni mò ń kà."

Ohun tí a mú nìyẹn. Airbnb náà, ilé iṣẹ́ tí àlejò ti ń gba yàrá nílé onílé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, iye òru tí àwọn àlejò gba yàrá fún wà lára ohun tí wọ́n ń kéde fún àwọn tó dókòwò lọ́dọ̀ wọn. Àlejò tó kàn wo fọ́tò ilé tó lọ kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ wa ṣe so àjẹmọ́nú mọ́ nọ́ńbà tiwa yìí báyìí, àwọn ejẹ́ǹtì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àjọ ₦50 lórúkọ ẹbí àti ará. Nọ́ńbà ń fò sókè, owó kò kúrò lójú kan. A wá fi nọ́ńbà kejì ṣọ́ ọ: iye owó tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń kó. Ìyẹn ò ní àjẹmọ́nú kankan.

Èsì: Búrẹ́dì lèmi ń ṣe ní Ṣàgámù. Iye tí a yan lójúmọ́ ni bàbá àwọn ọmọ mi fi ń yangàn. Èmi ní ká máa ka èyí tí àwọn ọlọ́jà dá padà. Ibẹ̀ la ti rí i pé tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ìdajì búrẹ́dì tí ọkọ̀ kó jáde ló ń padà wálé. A dín in kù, a dẹ́kun fífi fúláwà ṣòfò.

Èsì: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Tí kò bá wá sí èyí tó padà ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹ kò yan tó. Ta ló ń ka ẹni tó wá tí kò bá búrẹ́dì?

Èsì: Ọmọbìnrin tó ń tà níwájú ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń fà sẹ́yìn ìwé owó fún ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo. Tí ìlà bá ti ń pọ̀ tẹ̀ léra, a ó fi àpò fúláwà kan kún un.